Jíìpù Ọlọ́lá Tó Ti Gbó: Bẹ́ẹ Ṣe Lè Gùn Ún l'Ábújá Láìdi Ará Ápò

Àárọ̀ Mọ́ńdè kan ni, mo ń bọ̀ láti Kúbwà, mò ń lọ síbi iṣẹ́ ní Wuse, mi ò tíì kọjá Dawaki tí gbogbo iná dáṣíbọ́ọ̀dù fi tàn lẹ́ẹ̀kan náà bí ọjà alẹ́, ABS ń tàn, iná jíà ń tàn, ti éábáàgì ń tàn, rédíò kú, ẹ̀yìn mọ́tò bá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ìyàwó tuntun tó fẹ́ kí ìyá ọkọ. Mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Ẹ ṣáà mọ̀ pé jíìpù ọlọ́lá ni, irú èyí tí maigádì á ti ṣí géètì kẹ́ẹ tó tẹ họ́ọ̀nù, tí ẹni tẹ́ẹ jẹ ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún ò ní gbà pé ẹ ò lówó lọ́wọ́.

Mo wọ́ ọ dé Ápò, ọgbà àwọn mẹkáníìkì. Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ ní brain box, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì, ló kú. Èkejì ní jíà ni. Ẹ̀kẹta ò tiẹ̀ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó wo mọ́tò, ó wo bàtà ẹsẹ̀ mi, ó ní, "Ọ̀gá, tówó bá wà, ẹ jẹ́ ká kúkú pààrọ̀ gbogbo wáyà ẹ̀." Mo ra brain box tòkunbọ̀ o, ẹ máa bú mi, kò sì ṣiṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá bẹ́ẹ̀, mo ń wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ síbi iṣẹ́ pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ jíìpù lápò. Nígbẹ̀yìn, bàbá réwáyà kan, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, tó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ń kun mọ́tò, ló ki mítà bọ orí bátìrì, ó kà á, ó bọ́ awò ojú ẹ̀, ó ní, "Ọmọ mi, mọ́tò ẹ ò ṣàìsàn. Ebi ló ń pa á."

Wáyà ẹ́ẹ̀tì, ìyẹn èyí tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ bọ́dì, ló ti jẹrà nínú rọ́bà tí wọ́n fi bò ó, lójú lásán ẹ ẹ̀ lè mọ̀. Owó tí wáyà yẹn jẹ ò tó owó ìrẹsì àti ẹran tí mo jẹ lọ́jọ́ náà.

Ìdí tí mo fi ń kọ èyí nìyẹn. Jíìpù ọlọ́lá tó ti lé lọ́dún mẹ́wàá, kọ̀ǹpútà tí wọ́n gbé gun táyà ni, nígbà tí iná ò bá tó o, irọ́ lá máa pa fún yín láti orí dáṣíbọ́ọ̀dù, yóò ní jíà ti bàjẹ́ nígbà tó jẹ́ pé bátìrì ló rẹ̀. Torí náà ẹ yẹ iná wò, ẹ yẹ omi wò, lẹ́yìn náà kẹ́ẹ tó gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni tó fẹ́ ta páàtì fún yín.

Kẹ́ẹ tó rà á rárá

Tẹ́ẹ bá rí jíìpù tó jẹ́ pé olówó ló ń rà á nígbà tó wà ní tuntun, tó wá di iye Corolla, ẹni tó ń lò ó ló ti sá. Mọ́tò lè gbó, owó páàtì ẹ̀ kì í gbó. Sẹ́ńsọ̀ tí wọ́n ń tà fún olówó lọ́dún 2008, iye olówó náà ni wọ́n ṣì ń tà á fún yín lónìí, dọ́là ni wọ́n sì fi ń ṣírò ẹ̀, ẹ sì mọ ohun tí dọ́là ti fojú wa rí láti oṣù kẹfà 2023.

Ẹ ka nọ́ńbà VIN, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ mọ́tò, 17 ni lẹ́tà àti nọ́ńbà inú ẹ̀, ó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú. Tó bá jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà, ìkẹwàá ló ń sọ ọdún: 7 ni 2007, 8 ni 2008, 9 ni 2009, A ni 2010, B ni 2011. Wọ́n ti fẹ́ ta 7 fún mi rí pé 2010 ni, ẹni náà tún búra.

Mọ́tò tí omi ti mu ni kẹ́ẹ sá fún jù. Nígbà tí ìjì Harvey da omi bo Houston lọ́dún 2017, ẹgbẹẹgbẹ̀rún mọ́tò ló rì, irú wọn kì í sì í parẹ́ láyé, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á fín lọ́fínńdà sí i, á wọ ọkọ̀ ojú omi. Àwa náà ní tiwa nílé, ẹ bi àwọn ará Trademore ní Lugbe tí àgbàrá ti bò rí. Ẹ fa bẹ́líìtì ṣíìtì dé òpin pátápátá kẹ́ẹ wo ìsàlẹ̀ ẹ̀ bóyá ẹrẹ̀ tàbí ilà omi wà níbẹ̀, torí kò sẹ́ni tó ń rántí fọ ibẹ̀. Ẹ ki ọwọ́ bọ abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì. Ẹ wo irin tí ṣíìtì jókòó lé, tó bá ti dógùn-ún nígbà tí ara mọ́tò ń dán, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ onímọ́tò kẹ́ẹ máa lọ.

Àárọ̀ kùtù ni kẹ́ẹ lọ wò ó, kẹ́ẹ sì ti sọ fún wọn pé kí wọ́n má tan án kẹ́ẹ tó dé. Tẹ́ẹ bá débẹ̀ tẹ́ẹ fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì tó gbóná, ohun kan wà tí wọn ò fẹ́ kẹ́ẹ gbọ́, pàápàá ariwo ṣéènì tó máa ń dún gìrì-gìrì fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan tí ẹ́ńjìnnì bá tutù. Ẹ tẹ gbogbo bọ́tìnnì, gbogbo ẹ̀ ni mo wí o, ti ṣíìtì, ti búùtù, ti èyí tó ń gbé mọ́tò sókè sódò. Onímọ́tò á máa sọ pé "ìyẹn ò ṣe nǹkan kan, fíúsì lásán ni." Tó bá jẹ́ fíúsì lásán ni, kí ló dé tí ò tíì pààrọ̀ ẹ̀?

Iná, iná, iná

Ẹ ra mítà, èyí tí wọ́n ń pè ní multimeter, èyí tó kéré jù náà á ṣe é. Lẹ́yìn tí mọ́tò bá ti sùn mọ́jú, ẹ fi pupa sí orí pupa bátìrì, dúdú sí dúdú. Tó bá kà 12.6 fóltì, ó yó. 12.2, ó ti di ààbọ̀. Tó bá wà nísàlẹ̀ 12, ẹ má bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí brain box, ẹ ṣàtúnṣe ìyẹn ná. Kí ẹlòmíì kíìkì ẹ́ńjìnnì nígbà tẹ́ẹ ń wò ó, kò yẹ kó já sísàlẹ̀ 9.6. Tó bá ti jí, ẹ tan iná iwájú àti AC, ó yẹ kó wà láàárín 13.8 sí 14.7, tí kò bá débẹ̀, alternator, ìyẹn èyí tó ń ṣàájì bátìrì, tàbí wáyà ẹ̀ lẹ máa lọ wò.

Ti ẹ́ẹ̀tì tó fìyà jẹ mí, bẹ́ẹ ṣe máa mọ̀ ọ́n nìyí. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́, iná iwájú wà ní títàn, ẹ fi wáyà mítà kan sórí dúdú bátìrì, ẹ fi èkejì gún irin ẹ́ńjìnnì fúnra ẹ̀. Ó yẹ kó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òdo. Tó bá ti ju 0.2 fóltì lọ, wáyà ẹ́ẹ̀tì yẹn ti ń kú. Ẹ ṣe bákan náà láti dúdú bátìrì sí bọ́dì. Ìṣẹ́jú méjì péré, mo sì fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣòfò.

Tó bá jẹ́ pé bátìrì dára ṣùgbọ́n tí ẹ bá bá a lókùú ní gbogbo àárọ̀ Mọ́ńdè, nǹkan kan ń mu iná lóru ni. Ẹ so mítà mọ́ àárín dúdú bátìrì àti wáyà ẹ̀, kó wà ní ìdí ampere, kẹ́ẹ má ṣe kíìkì mọ́tò rárá nígbà tó bá wà níbẹ̀ kí mítà má bàa jó. Ẹ ti gbogbo ilẹ̀kùn, ẹ gbé kọ́kọ́rọ́ jìnnà, ẹ dúró tó 40 ìṣẹ́jú, torí kọ̀ǹpútà inú àwọn jíìpù yìí kì í tètè sùn, bí ọmọ kékeré tó jẹ ṣúgà ni wọ́n rí. Tí wọ́n bá ti sùn tán, kò yẹ kó ju 0.05 ampere lọ. Tó bá jù bẹ́ẹ̀, ẹ má yọ fíúsì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí àwọn kan ṣe ń ṣe, ẹ̀ẹ̀kan tẹ́ẹ bá yọ ọ́ tẹ́ẹ dá a padà lẹ ti jí kọ̀ǹpútà yẹn dìde, ẹ tún máa dúró 40 ìṣẹ́jú míì. Ẹ yí mítà sí milifóltì, kẹ́ẹ máa fi gún ojú irin kékeré méjì tó wà lórí fíúsì, èyí tó bá fi nǹkan hàn ni iná ń gbà kọjá.

Bátìrì fúnra ẹ̀ ńkọ́? Ooru ló ń pa á ju òtútù lọ, oòrùn Ábújá láti February dé April ò sì mojú ẹnikẹ́ni, ẹ má retí kó pẹ́ tó bó ṣe ń pẹ́ lókè òkun. Tí mọ́tò bá ń lo AGM, ìyẹn bátìrì tí wọ́n dí pa tí omi inú ẹ̀ kì í dà, ẹ má fi bátìrì olómi olówó pọ́ọ́kú dípò ẹ̀. Nínú BMW X5 E70, ìyẹn èyí tí wọ́n ṣe láti 2006 dé 2013, tẹ́ẹ bá fi bátìrì tuntun sí i ẹ gbọ́dọ̀ fi scanner, ẹ̀rọ tó ń bá kọ̀ǹpútà mọ́tò sọ̀rọ̀, sọ fún un pé tuntun ni, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á máa ṣàájì tuntun bí ẹni ń bọ́ arúgbó.

Ẹ jọ̀ọ́, ohun méjì yìí mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Réwáyà tó bá fẹ́ yọ orí bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, tó ní òun fẹ́ dán alternator wò, ẹ di ọwọ́ ẹ̀ mú, ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún Peugeot 504, iná tó máa fò sókè lè pa kọ̀ǹpútà mẹ́ta nínú tiyín. Ẹ̀kejì, páánù bítà tó bá fẹ́ jó irin mọ́ ọn lára, kó kọ́kọ́ yọ bátìrì.

Omi tó ń wọlé láìkanlẹ̀kùn

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa tó ń gbé l'Ábújá gan-an. Sunroof, ìyẹn fèrèsé orí òrùlé mọ́tò, kì í ṣe pé kò lè jẹ́ kí omi wọlé rárá, omi máa ń wọ etí ẹ̀, ihò kékeré mẹ́rin tó wà níbẹ̀ ló ń gbé omi náà gba inú páìpù lọ sílẹ̀. Ọyẹ́ á ti ko eruku síbẹ̀ láti November, ewé dongoyaro tẹ́ẹ páàkì sábẹ́ ẹ̀ á bọ́ lé e, ó di amọ̀, òjò àkọ́kọ́ á wá dé. Omi ò ní í rí ọ̀nà, abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì lá gbà lọ, ibẹ̀ gan-an sì ni àwọn òyìnbó gbọ́n-gbọ́n yìí kó wáyà àti kọ̀ǹpútà sí. Nínú Volkswagen Touareg àti Porsche Cayenne àkọ́kọ́, abẹ́ ṣíìtì iwájú lápá òsì ni bátìrì wà. Nínú Mercedes ML W164, abẹ́ ṣíìtì iwájú lápá ọ̀tún ni. Nínú X5 E70, abẹ́ búùtù ni. Ẹ wò ó, gbogbo ibi tí omi fẹ́ràn.

Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ṣí sunroof, ẹ rọra da omi díẹ̀ sí igun kọ̀ọ̀kan, kí ẹnì kan máa wo ìdí táyà, ó yẹ kó jáde níbẹ̀ kíá. Tí ò bá jáde, ẹ fi okùn ọ̀rá tó rọ̀ tì í. Ẹ má gbé e lọ sọ́dọ̀ bọ́kanáísà pé kó fi afẹ́fẹ́ fẹ́ ẹ, páìpù inú á já kúrò lára ihò, ìyẹn sì burú ju èyí tó dí lọ. Tí kápẹ́ẹ̀tì bá ti tutù, ẹ gbé e sókè kó gbẹ tinú-tòde, fóòmù abẹ́ ẹ̀ máa ń mu omi sára fún oṣù mélòó kan tí òkè á ti gbẹ.

Scanner

Ẹ ra tiyín, èyí tó mọ irú mọ́tò yín ní pàtó, kì í ṣe kékeré tó ń ka ẹ́ńjìnnì nìkan. Kóòdù tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú P, ti ẹ́ńjìnnì àti jíà ni, B ti inú bọ́dì, C ti bíréèkì àti ìsàlẹ̀, U ni pé àwọn kọ̀ǹpútà ò gbọ́ra wọn yé. Tẹ́ẹ bá rí U tó pọ̀ rẹpẹtẹ lẹ́ẹ̀kan náà láti ibi gbogbo, ẹ padà sọ́dọ̀ bátìrì àti ẹ́ẹ̀tì, kò ṣeé ṣe kí kọ̀ǹpútà mọ́kànlá kú lọ́jọ́ kan náà, kì í ṣe àjàkálẹ̀ àrùn. Ẹ fi fóònù ya gbogbo kóòdù kí mẹkáníìkì tó pa á rẹ́. Kóòdù ń tọ́ka síbi tí wàhálà wà ni, kò ní kẹ́ẹ ra páàtì, P0171 kan tó ń sọ pé epo kéré sí afẹ́fẹ́ lè jẹ́ rọ́bà kékeré kan tó là, wọ́n á sì ti ta sẹ́ńsọ̀ méjì fún yín.

Ooru

Rọ́bà àti ike ló ń pa ẹ́ńjìnnì àwọn mọ́tò yìí. Cayenne V8 tí wọ́n ṣe láti 2003 dé 2006 ní páìpù coolant (ìyẹn omi tó ń tu ẹ́ńjìnnì lára) oníike lábẹ́ manifold, ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì, tí páìpù náà bá gbó á là, ti aluminiomu ni wọ́n ń fi rọ́pò ẹ̀. BMW tó ń lo ẹ́ńjìnnì N62 ní páìpù kan láàárín apá méjì ẹ́ńjìnnì náà tó máa ń jò, omi á máa dínkù láìsí omi nílẹ̀. Tiyín lè jẹ́ òmíì, ẹ lọ wádìí èyí tí ẹ́ńjìnnì yín ní, torí kò sí èyí tí ò ní. Tẹ́ẹ bá ń fi coolant kún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kì í ṣe pé mọ́tò yín ń mu omi, ó ń jò ni.

Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé abẹ́rẹ́ orí dáṣíbọ́ọ̀dù. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, àárín ni wọ́n ti ṣètò pé kó dúró sí, nígbà tó bá fi máa gbéra, tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì ti ń dágbére. Ẹ fi scanner wo ooru gangan. Coolant tó yẹ pẹ̀lú omi distilled ni kẹ́ẹ lò, omi bọhóòlù ní kẹ́míkà inú ilẹ̀ tó máa ń di òkúta sínú radiator. Mo mọ̀ pé gbogbo wa la ti da pure water sí i rí. Ẹ kàn má sọ ọ́ dàṣà. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ thermostat, èyí tó ń ṣí tó ń pa ọ̀nà coolant, dànù pé "ilẹ̀ wa gbóná, kò nílò ẹ̀", kọ̀ǹpútà á máa rò pé ẹ́ńjìnnì ṣì tutù, á máa da epo sí i, ẹ sì mọ iye tí epo jẹ́. Kí wọ́n tó yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù karùn-ún 2023 lítà kan ò tó 200 náírà nílé epo NNPC, lóṣù keje ọdún kan náà ó ti di 617 l'Ábújá níbí. Táǹkì 100 lítà, ẹ ṣírò ẹ̀ fúnra yín.

Èyí tó ń kúnlẹ̀

Air suspension, rọ́bà tó kún fún afẹ́fẹ́ ló gbé mọ́tò yẹn dúró, rọ́bà á sì là bó pẹ́ bó yá. Tó bá ti ń jò díẹ̀, compressor, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, á máa ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án lóru láti dí i, títí á fi jó. Wọ́n á ta compressor tuntun fún yín, oṣù mẹ́fà á tún jó, torí kò sẹ́ni tó wo ibi tó ń jò. Ẹ fi téèpù télọ̀ wọn láti àárín táyà dé etí bọ́dì lókè ẹ̀ lálẹ́, ẹ tún un wọ̀n láàárọ̀, igun tó bá lọ sílẹ̀ ni kẹ́ẹ po ọṣẹ sí lára, á máa hó. Tẹ́ẹ bá pààrọ̀ compressor, ẹ pààrọ̀ relay ẹ̀, ìyẹn swíìṣì kékeré tó ń gbé iná fún un, pọ̀, kò wọ́n. Kí ẹnikẹ́ni má sì wọ abẹ́ mọ́tò tí afẹ́fẹ́ nìkan gbé dúró, ó wúwo ju tọ́ọ̀nù méjì lọ.

Àwọn kan á ní kẹ́ẹ yí i sí sípíríǹgì lásán. Tí owó ò bá sí, ẹ ṣe é, mi ò ní bú yín, mọ́tò tó ń rìn lórí sípíríǹgì sàn ju èyí tó wólẹ̀ níwájú ilé bí ẹní.

Ti jíà ò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n á ní ọ́ìlì ẹ̀ kì í pààrọ̀ títí ayé, irọ́ ni, ilé iṣẹ́ ZF tó ṣe jíà 6HP tó wà nínú X5 E70 tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe àti Range Rover ti nǹkan bí 2006 sí 2010 fúnra wọn ní kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀ láàárín 80,000 sí 120,000 kìlómítà.

Páàtì àti àwọn tó ń tà á

Nọ́ńbà tó wà lára páàtì ni kẹ́ẹ gbé lọ sọ́jà, kì í ṣe orúkọ mọ́tò. Ẹ wá èyí tí ẹni tó ṣe ojúlówó ń tà nínú páálí tiẹ̀, Bosch, Lemförder, Mahle, Hella, owó ẹ̀ máa ń dínkù torí àmì ilé iṣẹ́ mọ́tò ò sí lórí ẹ̀. Tòkunbọ̀ dára fún ilẹ̀kùn, dígí, ṣíìtì, mọ́tò wíńdò, wọ́n wà ní Ápò àti Zúbà, èyí tí ò bá sí níbẹ̀ àwọn ará Ladipo l'Ékòó á fi bọ́ọ̀sì ránṣẹ́. Ẹ má ra tòkunbọ̀ pọ́ọ̀ǹpù omi, thermostat, rọ́bà air suspension, sẹ́ńsọ̀. Brain box ńkọ́? Kọ́kọ́rọ́ àti brain box mọ ara wọn bí ọkọ àti aya, ti mọ́tò ẹlòmíì ò ní jẹ́ kí tiyín jí àfi tẹ́ẹ bá rí ẹni tó mọ kóòdù ẹ̀ kọ. Ẹ wá ẹni tó lè tún tiyín ṣe ná. Èyí tí mo rà nígbà yẹn ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, ìyàwó mi fi ń dí ilẹ̀kùn nígbà afẹ́fẹ́.

Ní ti mẹkáníìkì, ìbéèrè kan ni kẹ́ẹ máa bi í: "Kí lẹ fi mọ̀ pé òun ni?" Tó bá ní òun wọ̀n ọ́n, kó fi hàn yín. Tó bá ní "Ọ̀gá, mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí láti 1998," ẹ kí i kú iṣẹ́, ẹ gba kọ́kọ́rọ́. Ṣùgbọ́n èyí tó bá mọ̀ ọ́n tó sì fi sùúrù wá a, ẹ san owó iṣẹ́ ẹ̀ dáadáa, ẹ má nájà lórí ọpọlọ kẹ́ẹ wá san owó gọbọi lórí irin. Bàbá Ògbómọ̀ṣọ́ yẹn ní iye tó wù mí ni kí n mú wá, ìlọ́po mẹ́wàá owó wáyà ni mo fún un, mo ṣì jèrè.

Tẹ́ẹ bá ń lọ sílé

Kẹ́ẹ tó gba ọ̀nà Lokoja, ẹ mọ̀ pé láti Kwali títí dé Kotonkarfe, ẹni tó mọ jíìpù yín ò pọ̀ lójú ọ̀nà. Ẹ gbé scanner dání, fíúsì oríṣiríṣi, relay compressor, coolant lítà mẹ́rin, sípánà 10 àti 13, àti jump starter kékeré, ìyẹn bátìrì tó ń jí mọ́tò tó kú. Ẹ má fi jump starter yẹn sínú búùtù o, búùtù tó ń lo iná ò ní ṣí tí bátìrì bá kú. Ẹ wá ibi tí irin kọ́kọ́rọ́ ti máa ń jáde lára rìmótò, kẹ́ẹ sì mọ ihò tí wọ́n fi í sí kó tó di ọjọ́ tẹ́ẹ máa nílò ẹ̀. Àwọn tí bátìrì wọn wà lẹ́yìn tàbí lábẹ́ ṣíìtì sábà máa ń ní irin pupa kan lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ibẹ̀ lẹ máa so jump mọ́.

Mo wọn tèmi láàárọ̀ yìí kí n tó kọ èyí, 12.5. Igun ẹ̀yìn lápá òsì lọ sílẹ̀ ní ìka kan ju ti àná lọ. Mo ti po ọṣẹ, mò ń dúró kí oòrùn rọlẹ̀.